Ìdọ̀bálẹ̀ Kò Sí Nínú Ìwé Kẹ́mísírì

Ohun tí àwọn ará abúlé wa mọ̀ nípa mi ni pé mo lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lọ se pẹ́ńsù. Títí di òní, bí ẹ bá dé apá Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ níbi tí a ti ń fi Faransé kàwé, tí ẹ bá béèrè ilé wa, wọn á bi yín pé ṣé ilé ọmọ tó ń se pẹ́ńsù ni ẹ ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo pe ìyá mi láti Ifẹ̀, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń kọ́ mi ní yunifásítì. Mo ní kí n ṣàlàyé ní ṣókí, nítorí tẹlifóònù kì í dúró de aláròyé. Mo ní, "Màmá, wọ́n ní kí n mú nǹkan dúdú inú pẹ́ńsù, kí n rẹ ẹ́ sínú ásíìdì, kí n máa wọ́n ìyẹ̀fun kan sí i títí yóò fi pọ́n bí èso ìyeyè." Ìyá mi gbọ́ mi tán. Ó wá ní, "Ṣé ẹ óò jẹ ẹ́ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín dáadáa ju bí mo ṣe ṣe fún un lọ. Lẹ́ẹ̀dì inú pẹ́ńsù àti èédú tí a fi ń dáná, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí a bá kó lẹ́ẹ̀dì yìí sínú ásíìdì líle, tí a ń wọ́n ìyẹ̀fun elése àlùkò tí wọ́n ń pè ní pamánganéètì sí i, ọ́síjìn á wọ inú rẹ̀, á sì di ohun mìíràn pátápátá, ohun tó lè gbá aró àti ìdọ̀tí mọ́ra nínú omi. Ṣùgbọ́n nǹkan náà ní ìwà. Bí ó bá gbóná jù, ó bàjẹ́. Bí o bá kánjú da ìyẹ̀fun sí i, ó bàjẹ́, ó sì lè fò mọ́ ọ lójú. Bí o bá pẹ́ jù tàbí tí o kò pẹ́ tó, nǹkan mìíràn ni yóò fún ọ. Iṣẹ́ tèmi ni láti wádìí bí òtútù, ooru, ìkánjú àti sùúrù ṣe ń yí i padà. Ọ̀gá mi, Dókítà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí awò ojú rẹ̀ kì í dúró lójú kan, sọ fún mi pé iṣẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Mo ní èmi gan-an nìyẹn.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ yìí. Láti kékeré ni àwọn àgbà ti ń sọ fún wa ní Kétu pé Ifẹ̀ ni orírun wa. Nítorí náà, nígbà tí mo ń lọ, n kò dágbére bí ẹni tó ń lọ sí ìdálẹ̀. Mo dágbére bí ẹni tó fẹ́ lọ kí bàbá ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo dé, mo dúró ní Ẹnuwá, mo ń wo iwájú ààfin bí ọ̀bọ tó rí dígí. Bàbá kan tó jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Kétu. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní, "Á, ilé lo wá yẹn. Káàbọ̀ sílé, ọmọ wa." Ó wá yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n sún fún àlejò kó ríbi jókòó. Mo jókòó, mo sì ń ro ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ilé wo ni wọ́n ń sún fún?

Wọ́n wá sọ mí ní Kétu. Kétu, wá ńbí. Kétu, ṣé o ti jẹun? Ní Kétu, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Kétu. Gẹ̀ẹ́sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ń sáré, tèmi ń tiro bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà mìíràn, bọ́njúù tí a fi ń kíni lédè Faransé á já bọ́ lẹ́nu mi níwájú kíláàsì, gbogbo wọn á sì dá mi lóhùn pọ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ìkíni. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé, ọkùnrin tó bá pàdé àgbà, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Kì í ṣe kó fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa abẹ́rẹ́. Àmọ́ ní yunifásítì, ọmọ tí mo fi ọdún jù lọ á dúró ṣánṣán níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, á ní "Gúdù mọ́níìn, sà," á sì gba ibẹ̀ kọjá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Dókítà ní kọ́rídọ̀, mo na gbalaja síwájú rẹ̀. Ẹni méjì ló fò mí dá. Dókítà tẹrí wò mí, awò rẹ̀ já bọ́, mo sì hán an láti ilẹ̀ tí mo wà. Láti ọjọ́ náà ló ti fẹ́ràn mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i pé ìdọ̀bálẹ̀ ni ìwé ìrìnnà mi. Níbikíbi tí mo bá ti nà, wọn á ní, ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Inú mi á dùn, màá tún wá àgbà mìíràn lọ kí. Mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó wà nílùú onílùú, ibi tí wọ́n bá ti yìn ín ni yóò máa tún lọ.

Àdúgbò Ìlare ní Ifẹ̀ ni mo ń gbé, nílé ìyá kan tó ń ta ẹja inú fírísà. Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ a máa sọ èdè Ifẹ̀ láàárín ara wọn, mo máa ń gbọ́ ìdajì, màá sì fi ẹ̀rín dí ìdajì yòókù. Àràárọ̀ ni mo ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Nítorí ìyẹn ló ṣe ń fún mi ní yìnyín láti inú fírísà rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Ọlọ́run ló mọ oore tó ṣe mí. Iná kì í dúró ní lábù, fíríìjì tó wà níbẹ̀ ti di àpótí ìwé, iṣẹ́ mi kò sì ṣeé ṣe láìsí òtútù. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó ni pé yìnyín náà ń rùn. Bàbá Lábù, àgbà tó ń tọ́jú yàrá iṣẹ́ wa, bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé pẹ́ńsù ni mò ń sè tàbí pẹpẹsúùpù.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe rí. Abọ́ ńlá kan kún fún yìnyín. Ife gíláàsì tó ní ásíìdì àti lẹ́ẹ̀dì nínú wà láàárín rẹ̀. Ọwọ́ òsì ń rò ó, ọwọ́ ọ̀tún ń fi ṣíbí kékeré bu ìyẹ̀fun sí i ní tín-ín-tín, ojú sì wà lára tẹmọ́mítà. Bí ó bá ti fẹ́ máa gbóná, o dúró. Bí ó bá tutù, o tún wọ́n díẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ohun tó máa gbé ọ kúrò nídìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí olórí ẹ̀ka wa ṣílẹ̀kùn wọlé, Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tó sanra, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ti oníwàásù. Kí n tó ronú, ara mi ti ronú fún mi. Mo nà. Ṣíbí ìyẹ̀fun kò bá mi nà, inú ásíìdì ló da ẹrù rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó wà nínú ife dún ṣìì, ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í ru, èéfín elése àlùkò dìde, yìnyín ẹja ń yọ́ ṣàà. Bàbá Lábù fi kọ́là wọ́ mi jáde bí ẹni tó mú olè adìyẹ. Gbogbo wa dúró ní kọ́rídọ̀, a ń húkọ́. Olórí ẹ̀ka gbọn aṣọ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ó mọ ènìyàn kí ṣá o."

Ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹja jíjóná ni mo kó dànù lọ́jọ́ náà.

Mo rò pé ìyẹn ni yóò jẹ́ òpin wàhálà, àṣé ìbẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́sẹ̀ yìí iṣẹ́ mi á pọ́n dáadáa, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e á dúdú kirimú. Lẹ́ẹ̀dì kan náà, ásíìdì kan náà, yìnyín Ìyá Ẹlẹ́ja kan náà. Dókítà sọ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ìmọ̀, oríire ni. Ó ní mo gbọ́dọ̀ ṣe é kó pọ́n lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, bí ọmọ ìbẹ́ta, kí òun tó rìnrìn àjò ọlọ́dún kan tó wà níwájú òun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lábẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó rán mi wá sí Ifẹ̀ kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun. Ó ti ránṣẹ́ pé bí ọdún yìí bá parí tí n kò gba ìwé ẹ̀rí, kí n padà wálé wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì òun lẹ́bàá ẹnubodè. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun burúkú. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí gidigidi.

Ọjọ́ Iléyá ló là mí lójú. Gbogbo ènìyàn ti lọ jẹ ẹran, èmi nìkan ni mo wà ní lábù. Iṣẹ́ náà pọ́n bí ìyeyè, n kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo tún un ṣe lẹ́yìn ọdún Iléyá náà, ọ̀rẹ́ Bàbá Lábù kan tó ti fẹ̀yìntì yà wá kí wa. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo ti gbọ́n, mo sì dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀: ilé ńkọ́, ìwé ńkọ́, àwọn ará Kétu ńkọ́, ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín? N kì í dìde kí àgbà tó ní kí n dìde. Nígbà tí mo fi máa padà dé ìdí ife, kò sẹ́ni tó rò ó, tẹmọ́mítà ti gòkè lọ, iṣẹ́ ti dúdú.

Mo jókòó sórí àpótí, mo ń ka àwọn ọjọ́ náà padà lọ́kàn mi. Ọjọ́ tó pọ́n, kò sí àgbà tó wọlé. Ọjọ́ tó dúdú, mo kí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti lẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ti ásíìdì. Èmi ni, èmi àti ẹ̀kọ́ ilé mi.

Mo lọ sọ fún Dókítà. Ó rẹ́rìn-ín títí awò rẹ̀ fi bọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì he é lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀: ìwọ̀n ooru, ìwọ̀n ìyẹ̀fun, iye àkókò, àti ìwọ̀n ìdọ̀bálẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí n máa ti ilẹ̀kùn.

Mo ti ilẹ̀kùn. Olórí ẹ̀ka kànkùn, n kò ṣí i. Ọ̀rẹ́ Bàbá Lábù kànkùn, n kò ṣí i. Iṣẹ́ pọ́n, àmọ́ Ifẹ̀ dúdú. Ìyàwó Bàbá Lábù ló ń ra ẹja lọ́dọ̀ onílé mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi délé. Kétu ti mọ̀wé jù. Kétu ti ń tilẹ̀kùn mọ́ àgbà. Nígbà tí mo lọ gba yìnyín, Ìyá Ẹlẹ́ja kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní fírísà òun náà ti tilẹ̀kùn.

Ẹ óò ní kí ló dé tí n kò fi ẹnu lásán kí wọn. Bóyá ọmọ ilé lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé lè gbàgbé ìkíni lọ́jọ́ kan, kí wọ́n ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Èmi, ìkíni nìkan ni mo ní. Ẹni tó ti fi ìdọ̀bálẹ̀ gba yìnyín kò lè wá fi orí mímì gbà á.

Mo lọ nà sílẹ̀ níwájú Ìyá Ẹlẹ́ja nídìí ọjà rẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ó bá mi wí, ó bá mi wí, kò ní kí n dìde. Àwọn oníbàárà ń dé. Níkẹyìn ó ní, níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà nílẹ̀, kí n máa na ẹja inú agbada tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sí òun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń na ẹja sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, àyà mi lórí ilẹ̀, ọwọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹja kejì tàbí ẹ̀kẹta ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ọpọlọ mi là. Mo bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó tún bá mi wí lákọ̀tun, kó tó fún mi ní yìnyín.

Ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo gbé gbogbo iṣẹ́ náà wá sílẹ̀. Mo tẹ́ páálí, mo wọ awò ààbò àti ìbọ̀wọ́, mo sì dọ̀bálẹ̀ sídìí abọ́ yìnyín. Bàbá Lábù ní òun ò ní jẹ́ kí ásíìdì jẹ ojú ọmọ ọlọ́mọ lójú òun. Ó wá gíláàsì fèrèsé kan, ó gbé e dúró láàárín ojú mi àti ife náà, mo sì na ọwọ́ mi gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Láti ìgbà yẹn, àgbà tó bá wọlé á bá mi nílẹ̀. Màá ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," ọwọ́ mi ò dúró. Kí wọ́n béèrè ilé, kí wọ́n béèrè òjò, tẹmọ́mítà kò mì. Olórí ẹ̀ka wọlé, ó wò mí títí, ó ní, "Ó ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó dé. Irú ọmọ wo rèé?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ó tún pọ́n. Ó ku ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Fúráídè ni Dókítà fẹ́ wá jókòó tì í fúnra rẹ̀, kó tó di ẹrù rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ náà, mo lọ sí ilé tẹlifóònù lọ pe ìyá mi. Mo sọ fún un pé Fúráídè ni, pé bí kò bá pọ́n, mò ń bọ̀ wá ta sìmẹ́ńtì. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ oríkì mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì jẹ́ kó parí rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn náà, ó pe orúkọ oríkì mi, ó ní, "Ọmọ arìn-má-gbàgbé-ilé," ìlà sì gé.

Mo di ẹ̀rọ náà mú fún ìgbà díẹ̀ sí i. N kò ní kọ orúkọ oríkì mi síbí, tiwa ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé Ifẹ̀, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń yìn mí, wọ́n ń bọ́ mi, wọ́n ń pè mí ní Kétu. Ènìyàn lè gbọ́ Kétu títí kó gbàgbé pé òun ní oríkì. Mo sunkún díẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlare, mo sì nu ojú mi kí n tó dé ìdí fírísà.

Fúráídè dé. Dókítà jókòó sórí àpótí, awò rẹ̀ lójú. Bàbá Lábù dúró ti ògiri. Èmi wà lórí páálí mi. Mo ti wọ́n ìyẹ̀fun dé ìdajì nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Láti ilẹ̀ tí mo wà, ẹsẹ̀ nìkan ni mo lè rí. Bàtà tí eruku bò, etí ìró aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi òwú funfun lẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìró yẹn fà ya. Èmi ni mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Mo di ṣíbí mú ṣinṣin. Bí mo bá dìde, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ṣíbí bá yí, ó ti bàjẹ́.

Ìyá mi ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mò ń bọ̀, tí o ti dọ̀bálẹ̀ dè mí?"

Bàbá Lábù ló bá mi dáhùn. Ó ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ó ti ń nà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ní òun ò ní yéé ṣe é títí ẹ ó fi dé."

Mo gbọ́ tí ẹrù balẹ̀. Mo gbọ́ tí ó fa imú. Ó ní, "Ẹ̀rọ burúkú yẹn já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Mo wá parí rẹ̀."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá mi kì í kánjú ki oríkì. Ó pè mí, ó pe bàbá mi, ó pe àwọn tó bí bàbá mi, ó dé ibi àwọn tó rìn kúrò ní Ifẹ̀ yìí kan náà, tí wọ́n gbé orúkọ dání lọ. Bó bá sọ gbólóhùn kan, màá wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀. Bó bá mí, màá rò ó. Omijé kún inú awò ààbò mi débi pé n kò rí tẹmọ́mítà mọ́. Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kà á fún mi ní jẹ́jẹ́. Ó ní, "Kò kúrò níbẹ̀. Máa bá a lọ."

Ìyẹ̀fun tán, oríkì ń lọ. Nígbà tó parí, mo dìde, mo wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi lákọ̀tun, ó sì fà mí sókè. Ohun tó kù nínú iṣẹ́ náà gba ìyókù ọjọ́, ìyá mi sì jókòó tì wá, ó ń jẹ ẹja díndín tí Ìyá Ẹlẹ́ja fi ránṣẹ́. Ó sọ bó ṣe rí wa. Ó ní òun dé Ẹnuwá, òun kò mọ ọ̀nà, òun sì bi àwọn bàbá kan pé níbo ni ọmọ Kétu tó ń se pẹ́ńsù wà. Wọ́n ní, "Ọmọ wa tó ń dọ̀bálẹ̀ yẹn?" Wọ́n bá gbé òun sórí ọ̀kadà.

Níkẹyìn, mo da omi pẹrọ́sáìdì sí i, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò. Ó hó díẹ̀, ó sì pọ́n yòò. Dókítà bọ́ awò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó nù ún, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ wo inú ife náà dáadáa. Ó ní, "Ó jọ gàrí elépo. Ṣé ẹ óò jẹ ẹ́ ni?"

Ó padà sílé, ó sì sọ ọ́ káàkiri Kétu pé ọmọ òun tó wà ní ìdálẹ̀ kò gbàgbé òun, pé òun bá a nílẹ̀ gbalaja, ó ti ń retí òun kí òun tó dé. Dókítà ní kí n ṣàlàyé fún un pé nítorí ooru inú ife ni mo ṣe wà nílẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí tẹlifóònù, ìlà kò sì gé lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo dákẹ́. Bí mo ṣe rò ó tó, n kò rí irọ́ kankan nínú ohun tó sọ.